Ọ̀nà àti òwò àwọn Máyà, Ásítẹ́ẹ̀kì àti Ínkà: báwo ni kí n ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ wa?

ÌyáOlùkọ́_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní kíláàsì Yorùbá kan tí a máa ń ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá ló ń wá. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn: Baghdad ayé àtijọ́, àwọn Máyà, tàbí Bìní. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń kọ́ ní ti Máyà. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí pé, "Àǹtí, bí wọn ò bá ní ẹṣin, tí wọn ò ní kẹ̀kẹ́ ẹrù, tí wọn ò sì ní irin, báwo ni ọjà wọn ṣe ń dé ibi tó ń lọ?"

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ fi bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan dáhùn rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí n fi Ásítẹ́ẹ̀kì àti Ínkà kún un. Ohun tó dájú ni mo ń wá, ohun tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn, tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju wúrà àti ìfènìyànrúbọ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn yìí tajà, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n jẹ gbèsè, wọ́n san án. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Arókìn_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olùkọ́. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra. Ìwé ọmọdé máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé aládùúgbò ni wọ́n. Láti Cusco, olú-ìlú Ínkà ní Perú, dé Ìlú Mẹ́síkò, ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹ̀rí pé ọba Ínkà gbọ́ orúkọ ọba Ásítẹ́ẹ̀kì rí.

Àkókò wọn náà yàtọ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 250 sí 900 ni àwọn ìlú ńlá Máyà inú igbó Guatemálà àti àyíká rẹ̀ wà ní ògo wọn, àwọn ìlú mìíràn níhà àríwá sì gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún 1325 ni wọ́n sọ pé a tẹ Tenochtitlan ti àwọn Ásítẹ́ẹ̀kì dó sórí erékùṣù inú adágún Texcoco, àwọn ará Sípéènì àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó dara pọ̀ mọ́ wọn sì gbà á ní 1521. Ínkà ní tiwọn kò pẹ́ rárá. Láti nǹkan bí 1438 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ kiri, Pizarro, olórí ogun Sípéènì, sì dé bá wọn ní 1532. Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún!

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́ yín ni pé ìbéèrè ọmọ yẹn ní ìdáhùn mẹ́ta. Ní ilẹ̀ Máyà, ìlú púpọ̀ ló wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ọba tirẹ̀, ọjà sì ń gba orí omi àti ẹ̀yìn aláàárù láti ìlú dé ìlú. Ní ilẹ̀ Ásítẹ́ẹ̀kì, oníṣòwò àti ọjà ló gba iwájú. Ní ti Ínkà, ọba ló ni ọ̀nà, ọba ló ni àká, ọba ló ni ẹni tó ń rù ú. Bí àwọn ọmọ bá di èyí mú, ìyókù á rọrùn.

Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó béèrè nípa kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé wọn kò ṣàìmọ ohun tó ń yí. Ní agbègbè Veracruz ní Mẹ́síkò, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ère ẹranko kéékèèké tí a fi amọ̀ mọ, tó ní ẹsẹ̀ roboto mẹ́rin tó ń yí gbirigbiri. Ẹranko tí yóò fa ọkọ̀ ni kò sí. Kò sí màlúù, kò sí ẹṣin, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ínkà nìkan ló ní llama, òun náà kò sì lè ru ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 25 sí 30 lọ. Àgbàlagbà kò lè gùn ún.

Ìyálájé_Balógun

Oníṣòwò ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti ń ka ìtàn àwọn pochteca ọjọ́ ti pẹ́, ìfẹ́ wọn kò kúrò lọ́kàn mi.

Pochteca ni àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti Ásítẹ́ẹ̀kì. Tlatelolco, ìlú tó fara ti Tenochtitlan, ni gbajúmọ̀ nínú ibùjókòó wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ bí àwọn Pàràkòyí tiwa láyé ọjọ́un: ọmọ ń jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá, wọ́n ní àdúgbò tiwọn, wọ́n ní adájọ́ tiwọn, wọ́n sì ní òrìṣà tiwọn, Yacatecuhtli. Àwọn obìnrin àti àwọn àgbà tí kò lè rìn mọ́ a máa kó ọjà lé àwọn tó ń lọ lọ́wọ́ kí wọ́n bá wọn tà á.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbéra, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó dára. Wọ́n á gé irun wọn, wọ́n á fọ orí, láti ọjọ́ náà kò sì sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ fọ orí tàbí gé irun títí wọn yóò fi padà wọlé, bó ti wù kí àjò náà pẹ́ tó. Lálẹ́, níbi tí wọ́n bá sùn sí lọ́nà, wọ́n á kó gbogbo ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn jọ, wọ́n á dì í ní ìdì kan, wọ́n á sì bọ ọ́, torí pé nínú ọ̀pá yẹn ni òrìṣà wọn wà.

Ibi tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń padà wọlé. Òru ni wọ́n ń wọ ìlú, nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹrù wọn kò ní wọ ilé wọn, ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń kó o sí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní àwọn kọ́ ló ni ín, àwọn kàn ń bá ẹlòmíràn rù ú ni. Aṣọ tó ti gbó ni wọ́n ń wọ̀ kiri ìlú. Ojú àwọn ìjòyè ni wọ́n ń sá fún, nítorí oníṣòwò tó bá ń fi ọrọ̀ yangàn lè pàdánù ẹrù àti ẹ̀mí.

Wọ́n tún ń ṣe amí. Àwọn kan nínú wọn a máa múra bí ọmọ ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n á gbọ́ èdè ibẹ̀ dáadáa, wọ́n á wo odi ìlú àti ohun tó wà nínú àká, wọ́n á sì gbé ìròyìn náà wá fún ọba. Ní ayé ọba Ahuitzotl (1486 sí 1502), ọ̀tá sé ẹgbẹ́ oníṣòwò kan mọ́ ìlú Quauhtenanco, níhà etí òkun tó lọ sí Xoconochco. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ja ìjà yẹn fúnra wọn kí wọ́n tó ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n padà dé, irun wọn ti gùn dé ìbàdí. Ọba fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n lálejò, ó sì dá wọn lọ́lá.

Ẹ fi èyí ṣe eré fún àwọn ọmọ. Kí ẹnì kan jẹ́ oníṣòwò, kí ẹnì kejì jẹ́ ìjòyè tó ń fìdí ọ̀rọ̀ wádìí, kí oníṣòwò máa fi Yorùbá sẹ́ ẹrù rẹ̀. Ẹ ó rí i bí ẹnu wọn ṣe máa yọ̀.

ỌmọÀgbẹ̀_Oǹdó

Ẹ ṣeun Ìyálájé. Mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ kòkó, nítorí oko kòkó ni bàbá mi fi rán gbogbo wa nílé-ìwé.

Hóró kòkó gbígbẹ ni owó wẹ́wẹ́ wọn. Ìwé iye ọjà kan wà láti ìlú Tlaxcala ní Mẹ́síkò, ọdún 1545, lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì ti gba ìlú ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń ná kòkó. Abo tòlótòló kan jẹ́ hóró 100 tó yó dáadáa, tàbí 120 bó bá ti súnkì. Akọ tòlótòló jẹ́ 200. Píà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká jẹ́ mẹ́ta, èyí tó ti pọ́n tán jẹ́ ẹyọ kan. Tòmátì ńlá kan jẹ́ ẹyọ kan. Tamale, àgbàdo lílọ̀ tí a pọ́n séwé tí a sè, ẹyọ kan náà ni.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú 100 àti 120 yẹn. Wọ́n ń ya hóró tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbẹ kọjá ààlà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa ṣe ń ṣe títí di òní. Ayédèrú náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ a máa fi ìyẹ̀fun rírò, ìda àti kóró píà fífọ́ ṣe hóró kòkó, wọ́n á sì da á mọ́ tòótọ́.

Nǹkan mìíràn tí àwọn ọmọ á fẹ́ràn: ẹrù aláàárù kan tó kún jẹ́ hóró 24,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 23. Bernal Díaz, sójà Sípéènì tó wà níbẹ̀, kọ ọ́ pé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni aláàárù ń rù fún nǹkan bíi máìlì 15 kó tó sọ̀ fún ẹlòmíràn. Wọn kì í lo òṣùká. Ọ̀já ni wọ́n so mọ́ ẹrù, ọ̀já náà á kọjá níwájú orí, ẹrù á wà lẹ́yìn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ fi àpò ìrẹsì han àwọn ọmọ kí wọ́n mọ bí kìlógíráàmù 23 ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀já orí gbé e o, ọrùn ọmọdé kò gbà á.

Ní ti bí kòkó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe láti Mẹ́síkò tààrà. Láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé e dé erékùṣù Príncipe ní 1822, ó gba erékùṣù Fernando Po kọjá, ó sì wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1870. Àgbàdo àti ata wa náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ọmọ tó bá mọ èyí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí kàn án, kódà bí ilé-ìwé rẹ̀ bá mú Bìní dípò Máyà.

Ẹnjiníà_Ojúọ̀nà

Iṣẹ́ ọ̀nà ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ya sí ọ̀dọ̀ Ínkà.

Qhapaq Ñan ni wọ́n ń pe ọ̀nà ọba yẹn. Ó lé ní 30,000 kìlómítà lápapọ̀. Ẹ̀ka ńlá kan gba orí òkè Andes, èkejì gba etí òkun, ọ̀nà kéékèèké sì so wọ́n pọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló pín in báyìí: Kòlóńbíà, Ẹ̀kúádọ̀, Perú, Bòlífíà, Chile àti Argentina. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jọ gbé e lọ sí UNESCO, tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2014.

Kìlómítà kọ́ ló ń yà mí lẹ́nu, bí wọ́n ṣe bá omi jà ni. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ̀nà rí mọ̀ pé omi ló ń pa ọ̀nà. Àwọn èèyàn yìí gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ṣe ojú-omi abẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú òkúta, wọ́n mọ ògiri òkúta sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ilẹ̀ má baà ya. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n gbé ọ̀nà ga. Ní aṣálẹ̀ etí òkun, níbi tí yanrìn ti ń bo ohun gbogbo, ògiri kúkúrú tàbí òpó igi ni wọ́n fi sàmì sí i. Níbi tí òkè bá ti ga jù, wọ́n gé àtẹ̀gùn sára àpáta. Àtẹ̀gùn kò dí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ́wọ́, kò dí llama lọ́wọ́. Ẹṣin àwọn ará Sípéènì ló bá a níṣòro.

Ìlú tí ọ̀nà bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló ń tún apá tirẹ̀ ṣe, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọba tí wọ́n jẹ lórí. Mit'a ni orúkọ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ń ṣe é ní ìpín-ìpín, ọba á máa bọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, kì í sì ṣe ìfẹ́ inú wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ èyí náà.

Ní ìwọ̀n ìrìn ọjọ́ kan síra, nǹkan bíi kìlómítà 20 sí 30, ni ilé ìsinmi tí wọ́n ń pè ní tambo wà. Àká sì wà káàkiri. Ní Huánuco Pampa, ìlú Ínkà kan ní Perú, nìkan, àká òkúta tó wà lórí òkè tó kọjú sí ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Àgbàdo, ànàmọ́ òyìnbó tí òtútù ti gbẹ, aṣọ, ohun ìjà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀.

Àwọn asáréjíṣẹ́, chasqui, kì í sá ju kìlómítà bíi méjì sí mẹ́ta lọ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibùdó, wọ́n á fun fèrè ìkarahun kí ẹni tó kàn ti múra sílẹ̀. Lọ́nà báyìí, iṣẹ́ lè rin nǹkan bíi 240 kìlómítà láàárín ọjọ́ kan àti òru rẹ̀. Eré yẹn rọrùn láti ṣe ní páàkì. Ẹ tò wọ́n sí ìlà, ẹ fi iṣẹ́ kan rán ẹni àkọ́kọ́ ní Yorùbá, ẹ wo bí ẹni ìkẹyìn ṣe máa jẹ́ ẹ.

Ìyálájé_Balógun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ̀ ń sọ pé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní oníṣòwò? Wọn kò ní ọjà? Ó ṣòro fún mi láti gbà.

Arókìn_Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n gbà á lẹ́nu Ẹnjiníà. Ìjọba Ínkà kò gbé ara lé ọjà, kò sì ní owó ẹyọ kankan. Ìdílé kan lè ní oko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún àgbàdo, kí ẹbí wọn wà lókè fún ànàmọ́, kí àwọn mìíràn wà lókè pátápátá pẹ̀lú llama, kí wọ́n máa pín in láàárín ara wọn. Ohun tó kù, ọba á gbà á sínú àká, á sì pín in padà fún ọmọ ogun, fún àlùfáà, fún òṣìṣẹ́, àti fún ìlú tí òtútù bá pa oko wọn.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò wà ní etí ilẹ̀ náà, Ìyálájé, ẹ má bínú. Ní Chincha ní etí òkun Perú, wọ́n ń ṣòwò ojú omi. Ní àyíká Quito, àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní mindalá wà. Ní 1526, Bartolomé Ruiz, awakọ̀ ojú omi Pizarro, pàdé ọkọ̀ kan tí wọ́n fi igi fífúyẹ́ so pọ̀, tó ta ìgbòkun, ní etí òkun Ẹ̀kúádọ̀. Nǹkan bí èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó aṣọ òwú àti ti irun ẹran, ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà àti wúrà, wọ́n sì fẹ́ fi wọ́n pààrọ̀ ìkarahun pupa. Ìkarahun yẹn, mullu, ṣe iyebíye fún Ínkà ju bí ẹ ṣe rò lọ, òun ni wọ́n fi ń tọrọ òjò.

Ìròyìn kan tún wà tí mi ò lè ṣàìsọ. Hernando, àbúrò Pizarro, sọ ohun tó rí ní 1533 nígbà tí òun àti àwọn sójà rẹ̀ ń gba ọ̀nà ọba kọjá. Wọ́n wọ inú àká, wọ́n kó igi ìdáná, ẹran àti àgbàdo bó ṣe wù wọ́n. Àwọn olùtọ́jú àká kò bá wọn jà. Wọ́n mú okùn ìṣirò wọn, wọ́n tú kókó ní apá tí ohun ìfipamọ́ wà, wọ́n sì ta kókó tuntun sí apá mìíràn. Ogun ti wọ̀lú, ọba wọn ti wà lẹ́wọ̀n ní Cajamarca, síbẹ̀ akọ̀wé ọba kò jẹ́ kí ìṣirò ṣìnà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Leeds

Ẹ kú àsọyé ẹ̀yin àgbà. Okùn yẹn, quipu, ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀rùn. Ẹyọ wà nísàlẹ̀ okùn, mẹ́wàá-mẹ́wàá wà lókè rẹ̀, ọgọ́rùn-ún wà lókè èyí. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 132, ẹ ta kókó kan sókè, mẹ́ta sí àárín. Nísàlẹ̀, kókó gígùn kan ṣoṣo ni ẹ ó ta, kí okùn yí lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 102, ẹ fi àárín sílẹ̀ lófo. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà nísàlẹ̀, bíi 131, kókó tó rí bíi nọ́ńbà 8 ni wọ́n ń ta, torí okùn tó yí lẹ́ẹ̀kan kò lè di kókó gígùn.

Ẹ mú wọn lọ sí British Museum náà, Room 27, ẹ ò ní san owó ìwọlé. Ejò olórí méjì tí wọ́n fi òkúta turquoise lẹ̀ mọ́ igi wà níbẹ̀. Òkúta yẹn kò sí ní àyíká Tenochtitlan, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Àwọn òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní Yaxchilán, ìlú Máyà, wà ní yàrá kan náà.

ÌyáOlùkọ́_Peckham

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Máyà ni ilé-ìwé wọn ń kọ́, òun gan-an ni a sì sọ kéré jù. Kí ni mo lè fi hàn wọ́n?

Arókìn_Ìbàdàn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ní 1502, nínú ìrìn-àjò Columbus kẹrin, wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi ńlá kan pàdé nítòsí erékùṣù Guanaja, níwájú Honduras. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó ní ìbòrí àárín tí àwọn obìnrin àti ọmọdé jókòó sí abẹ́ rẹ̀, àwọn atukọ̀ sì tó 25. Aṣọ òwú aláràbarà, idà onígi tí a fi òkúta mú létí, àáké bàbà, agogo bàbà, àti hóró kòkó ló wà níbẹ̀. Ferdinand, ọmọ Columbus, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, wà nínú àjò yẹn. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí díẹ̀ nínú hóró yẹn já bọ́, gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ wéré láti ṣà á, àfi bí ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Ẹ sọ èyí fún àwọn tiyín.

Lẹ́yìn náà, iyọ̀. Ìlú inú igbó kò ní iyọ̀. Etí òkun àríwá Yucatán ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Paynes Creek ní Belize, wọ́n ń se omi òkun nínú ìkòkò títí yóò fi di iyọ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀ kò jẹ́ kí igi jẹrà. Heather McKillop àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí òpó ilé àwọn tó ń se iyọ̀ yìí, ní 2004 wọ́n sì rí àjẹ̀ onígi odindi tí àwọn Máyà fi tukọ̀ ní èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ní ti ọ̀nà orí ilẹ̀, ẹ mú èyí tó so Cobá mọ́ Yaxuná ní Yucatán. Ó gùn tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Òkúta ni wọ́n kó jọ sísàlẹ̀, wọ́n wá fi ẹfun bo ojú rẹ̀ kó funfun, kó rọrùn láti rìn, kódà ní alẹ́ tí òṣùpá bá yọ. Ní 2020, àwọn olùwádìí tó fi ìmọ́lẹ̀ lésà yẹ ilẹ̀ wò láti inú bàálù sọ pé kì í ṣe gbọọrọ bí a ṣe rò. Ó ń yà láti kan àwọn ìlú kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀nà tó dé. Wọ́n rò pé ayaba Cobá kan, K'awiil Ajaw, ló la á ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún keje. Ogun, òwò, àfihàn agbára, mo gbà pé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Leeds

Ẹ fi obsidian kún un. Òkúta dúdú tó ń dán ni, láti inú òkè ayọnáyèéfín. Bí wọ́n bá là á, ó mú ju abẹ lọ. Kẹ́míkà inú òkè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà bí wọ́n bá rí ọ̀bẹ kékeré nínú ilé kan ní Yucatán, yàrá ìdánwò lè sọ pé El Chayal tàbí Ixtepeque ní Guatemálà ni ó ti wá. Àwọ̀ ewé ni ti Pachuca ní àárín Mẹ́síkò, ojú lásán lè dá a mọ̀, wọ́n sì ti rí i ní ìlú Máyà. Ẹ fi òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi na orí àwòrán ilẹ̀: jade, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé, láti àfonífojì Motagua ní Guatemálà, iyọ̀ láti etí òkun, ìyẹ́ ẹyẹ quetzal láti òkè Guatemálà. Àwọn ọmọ fúnra wọn á rí ìlú tí òwú pọ̀ sí.

Kí ẹ sì sọ fún wọn pé Máyà kò tíì parẹ́. Àwọn tó ń sọ èdè Máyà lónìí pọ̀ ní Guatemálà, Mẹ́síkò àti Belize. Fídíò kan tí mo wò sọ̀rọ̀ wọn bí òkú, ó bí mi nínú.

Arìnrìnàjò_Houston

Mo pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti lọ sí Q'eswachaka, afárá koríko lórí odò Apurímac, ní gúúsù Cusco. Nǹkan bíi mítà 28 ni gígùn rẹ̀. Gbogbo oṣù Kẹfà ni ìletò mẹ́rin ń já ti èṣí, tí wọ́n ń ṣe tuntun. Àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀, wọ́n ti rẹ koríko q'oya sómi, wọ́n ti fi òkúta lù ú kó rọ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń yí i. Okùn tínrín á di èyí tó nípọn, àwọn ọkùnrin á tún lọ́ ọ títí yóò fi tó itan àgbàlagbà. Mẹ́rin lára okùn ńlá ni ilẹ̀ afárá, méjì ni ìdìmú ọwọ́. UNESCO kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2013. Nígbà àrùn Kòrónà wọn kò rí i tún ṣe, ó sì já sódò ní oṣù Kẹta 2021. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti ta òmíràn. Mo gba afárá náà kọjá, ó ń mì tìtì, ṣùgbọ́n ó gbé mi.

Ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà Ínkà olókìkí tó lọ sí Machu Picchu, nǹkan bíi kìlómítà 43 ni. Ẹ tètè gba ìwé àṣẹ, nítorí èèyàn 500 ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, aláàárù àti afinimọ̀nà wà nínú wọn. Oṣù Kejì ni wọ́n ń tì í fún àtúnṣe. Ibi tó ga jù dé mítà 4,215, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sinmi ní Cusco kí ara mọ afẹ́fẹ́. Tíì ewé coca tí wọ́n bá gbé fún yín níbẹ̀, ẹ mu ún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe di ewé náà wá sí Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, òfin kò gbà á. Ẹ sì wo ẹrù tí aláàárù yín ń rù, kí ẹ san owó fún un bó ṣe yẹ.

ÌyáOlùkọ́_Peckham

Mo ti rí ètò mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkọ̀ Guanaja àti òwú orí àwòrán ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjà Tlatelolco. Mo kà á pé Cortés, olórí àwọn ará Sípéènì tó gba Tenochtitlan, sọ pé èèyàn 60,000 ń wá síbẹ̀ lójúmọ́, pé adájọ́ jókòó nínú ọjà, àti pé iye àti òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń tà, wọn kì í gbé ọjà sórí ìwọ̀n. Ìyálájé, ìjòyè àti oníṣòwò wọ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, asáréjíṣẹ́ àti okùn oníkókó. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, afárá. Mo rí raffia rà ní ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀gbìn. Ẹnjiníà, báwo la ṣe máa yí i tí kò fi ní tú?

Ẹnjiníà_Ojúọ̀nà

Ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí ọmọ méjì dúró kọjú síra, kí wọ́n yí ìdì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tún títí yóò fi fẹ́ ká ara rẹ̀ kò. Ẹ wá mú ìdì méjì bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ́ wọn papọ̀ sí òsì. Bí ẹ bá lọ́ ọ síbi kan náà, yóò tú lójú ẹsẹ̀. Kó tó parí, ẹ máa fi raffia tuntun kún un ní ibi tó yàtọ̀ síra lára ìdì méjèèjì, kí oríkèé wọn má bọ́ sójú kan. Ẹ so èyí tó bá parí mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì méjì, kí ẹ gbé ìwé lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa kà á títí okùn yóò fi já.